Ọkọ mi ò mọ ojú mọ́

Ìbéèrè: "Ọmọ ọdún 61 ni ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Oṣù méje sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló mú. A dúpẹ́, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó mọ gbogbo ènìyàn, kódà ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wa ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n kò mọ ojú mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé àbúrò mi obìnrin ti kú, mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń dà lójú mi. Ó wò mí, ó ní, 'Ṣé ẹ̀wà yẹn ò tíì jinná ni?' Tó bá sì rẹ̀ mí, tí mo jókòó jẹ́ẹ́, á ní mò ń bínú sí òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Ọmọ mi obìnrin ní bàbá òun ò fẹ́ràn wa mọ́, pé àìsàn ló tú ìwà rẹ̀ síta. Èwo ni kí n gbà? Ṣé á padà sí bó ṣe wà?" Ìyàwó ilé kan, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò dá àwọn tó kù sí. Mo fi èyí ṣáájú torí pé nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ sáré kọjá lórí ikú àbúrò yín bí ẹni tí kò rí ẹni bá a sunkún. A ó padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọpọlọ ló fà á. Kí n tó ka ìwé yín dé ìdajì ni ẹ̀rí ti pé: ọwọ́ òsì, ẹsẹ̀ òsì, ọ̀rọ̀ tó já gaara. Tí wọ́n bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ìyàwó tàbí ọmọ tó tẹ̀ lé e wá ni mo máa ń kọ́kọ́ bi pé, "Ṣé ó ṣì ń mọ̀ tí inú yín bá bà jẹ́?" Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà lè sọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, ó ń rí ọwọ́ náà nílẹ̀. Ẹni tí kò ka ojú mọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé nǹkan kan wà lójú tí òun kò kà? Ó dá a lójú pé òun wò yín, òun sì rí yín. Mo ti bi obìnrin kan ní ìbéèrè yìí rí tó bú sẹ́kún lórí àga, torí láti ọjọ́ tí àìsàn ti wọlé wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń béèrè.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ òsì rèé. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí apá òsì ara, apá òsì ọpọlọ ló sì ń darí ọ̀tún. Apá ọ̀tún orí ọkọ yín ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ fi ṣe ilé, àrùn náà kò sì dé ibẹ̀. Apá ọ̀tún ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíka ojú. Gbogbo ilé ń dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ ò bọ́ lẹ́nu bàbá, ọpẹ́ yẹn sì tọ́, àmọ́ òun gan-an ló bo ọgbẹ́ kejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, ta ni yóò rò pé nǹkan ti sọnù lórí ẹ̀?

Ẹ ní ó mọ gbogbo ènìyàn. Ìyẹn náà bá a mu, torí mímọ ẹni tó ni ojú yàtọ̀ sí mímọ ohun tí ojú ń sọ. Ohun tí ẹyinjú bá rí, ìpàkọ́ ló ń lọ, ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń ríran. Láti ìpàkọ́, ọ̀nà kan gba ìsàlẹ̀ ọpọlọ lọ, ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé "Ìyá Ṣadé ló ń bọ̀ yìí." Lọ́dún 1997, Nancy Kanwisher àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ fi ibì kan hàn lọ́nà yẹn tó máa ń ta kìjí bí ojú ènìyàn bá ti yọ, ti apá ọ̀tún sì ló máa ń hàn jù. Ọ̀nà kejì gba ẹ̀gbẹ́ orí, lókè etí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ohun tó ń yí padà lójú: ẹnu tó fà wálẹ̀, iwájú orí tó hunjọ, ẹyinjú tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Vicki Bruce àti Andy Young, onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ lọ́dún 1986 pé iṣẹ́ méjèèjì dá dúró, ọ̀kan lè bà jẹ́ kí èkejì ṣẹ́ kù. Àwọn kan wà tí tiwọn jẹ́ òdìkejì ti ọkọ yín: wọ́n ń rí i pé ẹni tó dúró níwájú wọn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ̀ pé ìyàwó wọn ni títí yóò fi lanu sọ̀rọ̀. Joachim Bodamer, dókítà ará Jámánì, ló fún irú àìsàn yẹn lórúkọ lọ́dún 1947.

Iṣẹ́ tó yà mí lẹ́nu jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Iowa, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2000, Ralph Adolphs, Antonio Damasio àti àwọn akẹgbẹ́ wọn kó ènìyàn 108 jọ tí ibì kan ti bà jẹ́ lọ́pọlọ oníkálukú wọn, wọ́n fi àwòrán ojú hàn wọ́n, wọ́n sì wo ibi tí ọgbẹ́ àwọn tó kùnà wà. Ẹni tó bá mọ ọpọlọ díẹ̀ yóò retí pé ibi ìríran ni. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí ọpọlọ fi ń mọ ohun tó ń ṣe ara ẹni lápá ọ̀tún, ibi tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnu wa fà tàbí pé awọ wa ń rin wá, wà lára ibi tó pa àwọn ènìyàn náà lára jù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé, kí ọpọlọ tó mọ ohun tó wà lójú ẹlòmíràn, ó máa ń wọ ojú náà wò ná, bí ẹni ń wọ aṣọ wò ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Tí ẹ bá rí ẹni tó fajúro, ọpọlọ yín á fajúro díẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀, láti ara ìyẹn lẹ ó ti mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni. Tí ibi tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò bá ti wó, aṣọ kàn wà lára ìkọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe rí lára.

Ẹ wá wo ibi tí gbogbo èyí wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ló gba àárín ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ kọjá, òun náà ni rọpárọsẹ̀ máa ń mú jù lọ. Òun ló ń bu ẹ̀jẹ̀ fún ibi tó ń gbé ọwọ́, fún ibi ìmọ̀lára tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti fún ẹ̀gbẹ́ orí lókè etí. Bíi páìpù omi kan ṣoṣo tó ń bọ́ àdúgbò mẹ́ta ni: tó bá dí tàbí tó bẹ́, ẹ kì í gbọ́ igbe láti àdúgbò kan péré. Ọwọ́ òsì tó rọ àti ojú tí kò kà mọ́, aládùúgbò ni wọ́n lórí ọkọ yín.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àrùn yìí mú lápá ọ̀tún ọpọlọ ló ń rí bẹ́ẹ̀ o, mo sì ti rí àwọn tó mú lápá òsì ọpọlọ tí wọ́n ń ṣi ojú kà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹni apá òsì ọpọlọ yìí ní ìtàn kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Lọ́dún 2000 kan náà, Nancy Etcoff, Paul Ekman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà, fi fídíò àwọn ènìyàn hàn wọ́n, àwọn tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí lára wọn, àwọn kan ń sọ òótọ́, àwọn kan ń purọ́. Àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn bà jẹ́ lápá òsì, tí wọn ò lè lóye gbólóhùn tí wọ́n bá sọ fún wọn, mọ òpùrọ́ ju àwọn tí ara wọn dá lọ. Ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀ láti tàn wọ́n jẹ, ojú nìkan ni wọ́n ń wò. Ọkọ yín wà ní ìdàkejì wọn: gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́, ojú ni kò gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń gbé ìwé owó tàbí ìwé ilẹ̀ wá bá a fún ìbuwọ́lùwé. Ẹni tó ń fẹnu dídùn purọ́ lè rọ́nà gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ojú ló ń parẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín ló máa ń gbẹ̀yìn, torí òun ló rọrùn jù láti kà, eyín tó yọ síta àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbéra ti tó. Ìbànújẹ́, ìbínú, ìbẹ̀rù àti ìríra ló máa ń dàrú. Ìbẹ̀rù ṣòro fún àwa tí ara wa le pàápàá, a máa ń pè é ní ìyàlẹ́nu, torí àwọn méjèèjì ló ń la ojú kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ìyàlẹ́nu àti ìdùnnú kún mẹ́rin yẹn, wọ́n á ní ó di mẹ́fà. Èmi ò gbà pé mẹ́fà tó. Ìyá tó lejú mọ́ ọmọ níwájú àlejò kó má gba ẹran, èwo nínú mẹ́fà nìyẹn? Obìnrin tó yínmú sí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣé ìríra ni àbí ìbínú? Ní ilé Yorùbá, ìdajì ọ̀rọ̀ ojú là ń sọ, a sì ń kọ́ ọmọ láti kékeré pé kó mọ ojú. Ọgbẹ́ kan náà lè má ni ìyàwó mìíràn lára tó báyìí, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu sọ gbogbo nǹkan. Níbi tí àgbà ti ń ṣẹ́jú, tí gbogbo ilé á sì dìde, àìmọ ojú dà bí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ó ń ṣe yín bíi pé ó rí i, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan obìnrin kan tí kò ní rọpárọsẹ̀ rárá, nítorí ohun tó kọ́ wa. S.M. ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìmọ̀, ará Amẹ́ríkà ni. Àìsàn kan tó ṣọ̀wọ́n ba amygdala rẹ̀ jẹ́ lápá méjèèjì, ìyẹn kókó kékeré kan tó wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1994 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé obìnrin yìí kò mọ ìbẹ̀rù lójú ènìyàn. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: tó bá ń wo ojú ènìyàn, kì í wo ẹyinjú. Imú àti ẹnu ló ń wò. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé, "Wo ẹyinjú rẹ̀," ó mọ ìbẹ̀rù bí gbogbo ènìyàn. Tí wọ́n bá sì dákẹ́, á tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ní èdè tiwa, ojú ni à ń pe ẹyinjú, ojú náà la tún ń pe gbogbo iwájú orí títí dé àgbọ̀n, bíi pé àwọn baba wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Mo sọ ìtàn yìí torí pé ó jọ ohun tí ẹ lè dán wò nílé: kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò ka ojú ló ti pàdánù ìmọ̀ náà pátápátá. Ẹlòmíràn kò wo ibi tó yẹ kó wò ni.

Ohùn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Elliott Ross, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lọ́dún 1981 lórí àwọn tí apá ọ̀tún ọpọlọ wọn bà jẹ́, tí ohùn wọn fi di ọ̀kan ṣoṣo bíi ti ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀, tàbí tí wọn ò lè fi ohùn mọ inú ẹlòmíràn. Ẹ lè wá máa rò pé àwa tí à ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Van Lancker àti Fromkin, onímọ̀ èdè méjì, fi àwọn tó ń sọ èdè Thai dán an wò lọ́dún 1973, èdè olóhùn bíi tiwa ni. Ohùn tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, apá òsì ọpọlọ ló ń mú un jù lára ẹni tó ni èdè. Nítorí náà ọkọ yín á ṣì mọ ọpọlọ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́, yóò sì mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́. Ohùn inú ló lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá fi ìbínú sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," á dáhùn pé, "Ẹ ṣeun." Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àpàrá bá a jà, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀ pé ìjà ń lọ.

Ojú tirẹ̀ náà ń kọ́? Ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú lápá òsì lè rọ pẹ̀lú ọwọ́, ojú lè dà bí ti ẹni tí kò bìkítà nígbà tí inú ń gbóná. Ẹ wò ó: tí ẹ bá ní kó rẹ́rìn-ín fún fọ́tò, apá kan lè má gbéra, ṣùgbọ́n tí ọmọ-ọmọ bá ṣe ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, kí apá méjèèjì gbéra. Ẹ̀rín tí a pàṣẹ fún àti ẹ̀rín tó ti inú wá kì í gba ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹkún tàbí ẹ̀rín ń bú jáde lójú wọn láìnídìí, ìyẹn náà àrùn ni, oògùn wà fún un, ẹ sọ fún dókítà tó bá ń ṣẹlẹ̀. Báyìí ni ó ṣe ń di pé ẹni méjì jókòó nínú yàrá kan, ọ̀kan ò ka ojú èkejì, èkejì ń ka ojú tí kò sọ òótọ́.

Kí ẹ tó gbà pé ojú kíkà nìkan ló bà jẹ́, àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí dókítà yẹ̀ wò. Rọpárọsẹ̀ apá ọ̀tún ọpọlọ lè mú kí ènìyàn má ka apá òsì ayé sí rárá. Ẹ wo abọ́ rẹ̀: tó bá jẹ ti ọ̀tún tán tó fi ti òsì sílẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ààbọ̀ ojú yín péré ló ń rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ yẹ awò ojú rẹ̀ wò náà, ohun kékeré ni, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú ẹni mẹ́ta tó la rọpárọsẹ̀ já, nǹkan bí ẹnìkan ni ó máa ń mú, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí ìbínú àti ìbànújẹ́ lójú tí kò sọ nǹkan kan. Ẹ ní tó bá rẹ̀ yín, á ní ẹ ń bínú sí òun. Ó lè jẹ́ àṣìkà lásán. Ó sì tún lè jẹ́ pé ọkàn òun fúnra rẹ̀ ti wúwo, pé ó ń rò ó pé òun ti di ẹrù sí yín lọ́rùn. Ẹ bi í bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, bóyá nǹkan kan ṣì ń dùn mọ́ ọn.

Tí wọ́n bá rán yín lọ síbi tí wọ́n ti ń fi àwòrán dán ojú kíkà wò, kí ẹ mọ̀ pé èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà, tí Paul Ekman àti Wallace Friesen kó jọ lọ́dún 1976, ojú àwọn òyìnbó ni. Iṣẹ́ tí Hillary Elfenbein àti Nalini Ambady kó pọ̀ lọ́dún 2002 fi hàn pé ènìyàn máa ń ka ojú àwọn ènìyàn tirẹ̀ dáadáa ju ti àjèjì lọ. Bàbá tíṣà láti Òṣogbo tó bá gba máàkì kékeré lórí ojú òyìnbó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn nìkan dá a lẹ́jọ́. Àwọn tó mọṣẹ́ yóò bi ẹ̀yin náà ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ ọfà ńkọ́? Mi ò ní bá àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn oníwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú wọn gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2018. Ènìyàn 2118 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n fi wé iye kan náà tí kò kọ lù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn dí, ti ìdá kan tó kù bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tó ti délẹ̀ wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀. Tí ẹbí bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì jẹ́ kí bàbá gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mì lójoojúmọ́. Rọpárọsẹ̀ kejì ni mò ń bẹ̀rù, ju ohunkóhun tí ẹ kọ lọ. Bí ojú bá ṣàdédé wọ́, tí ọwọ́ kan ò gbéra, tí ọ̀rọ̀ lọ́, ilé ìwòsàn ni, wàràwàrà. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì ká, láti ìgbà tí àrùn bá ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré ló sábà máa ń ní.

Ní ti ọmọ yín obìnrin, mo fẹ́ kó dán nǹkan kan wò kó tó dájọ́. Kó jókòó ti bàbá rẹ̀, kó fẹnu sọ fún un pé, "Bàbá mi, inú mi bà jẹ́ lónìí," kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì dúró. Tí bàbá bá yí padà, tó na ọwọ́ ọ̀tún, tó bi í léèrè síwájú sí i, a jẹ́ pé ìfẹ́ wà nílé, ilẹ̀kùn tí ìròyìn ń gbà wọlé ló tì. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: àwọn kan wà tí ọgbẹ́ wọn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ bá tiẹ̀ fẹnu sọ ọ́ fún wọn, kò ní kàn wọ́n lọ́kàn. Ìyẹn náà ọpọlọ ló ń fà á, ṣùgbọ́n ó le fún ìdílé, ó sì yẹ kí dókítà ọpọlọ gbọ́. Nínú àwọn tí mo ti rí, àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń wọ̀ létí ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, ohun tí ojú yín ń sọ tẹ́lẹ̀, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ó máa kọ́kọ́ dà bí ìtìjú, obìnrin tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nílé ọkọ, tó wá ń sọ pé, "Bàbá Ṣọlá, mò ń bínú, ẹ̀yin sì kọ́ lẹ mú mi bínú." Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó ṣe kúkúrú. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín kí ẹ tó jókòó. Ẹ jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, kí iná wà, ẹ pa rédíò. Ẹ fi ọwọ́ kàn án lọ́wọ́ ọ̀tún tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, ọwọ́ yẹn ṣì ń gbọ́ dáadáa. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn àlejò àti ẹbí ṣáájú kí wọ́n tó wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni kó jẹ́, kì í ṣe lójú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì máa bi í níwájú ènìyàn pé, "Ẹ wò mí, kí ló wà lójú mi?" bíi pé ìdánwò ni. Tíṣà ni, ìdánwò ìtagbangba yóò dùn ún.

Ìdánrawò wà o, kó jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ mú álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó jáde. Ẹ mú fọ́tò kan, ẹ ní, "Ẹ wo ẹyinjú màámi níbí. Ó fẹ̀ àbí ó kéré? Iwájú orí rẹ̀ ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kó to àwọn ẹ̀yà ojú náà jọ bí ẹni ń ṣe ìṣirò, torí ìṣirò ṣì wà lórí ẹ̀: ojú tó fẹ̀, ẹnu tó là, ó di ìyàlẹ́nu tàbí ìbẹ̀rù, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú fọ́tò náà? Tó bá ṣòro jù, ẹ kọ́kọ́ sọ ìdáhùn fún un, kó wá sọ ohun tó rí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má máa kùnà lórí ìkùnà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ọjọ́ kan. Ní Ọsirélíà, Cristina Bornhofen àti Skye McDonald fi irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ran àwọn tí jàǹbá ti pa lórí lọ́wọ́, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2008. Àwọn tí wọ́n lò kò pọ̀, ọgbẹ́ wọn sì yàtọ̀ sí rọpárọsẹ̀, nítorí náà mi ò ní fi ṣe ìlérí. Ọ̀nà yẹn náà ni èmi ń gbà, torí kò gbówó, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣé á padà? Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ọpọlọ máa ń yára tún ara rẹ̀ ṣe jù. Ẹ ti wà ní oṣù keje, ohun tó bá kù yóò máa rọra bọ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn ṣì máa ń rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Kí ó padà pátápátá, mi ò lè búra fún yín. Ohun tí mo ti rí léraléra ni ọkùnrin tí kò ka ojú ìyàwó rẹ̀ dáadáa títí dòní, ṣùgbọ́n tó ti kọ́ láti máa béèrè: "Kí ló wà lọ́kàn rẹ báyìí?" Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kí àìsàn tó dé, ọkọ òun kò bi òun ní ìbéèrè yẹn rí.

Ó wá ku alẹ́ ọjọ́ ẹ̀wà. Oṣù mélòó ló ti kọjá, mi ò mọ̀, kò sì burú. Ẹ jókòó tì í lápá ọ̀tún, kí ẹ sọ fún un pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò yín ni wọ́n pè pé ó kú, ẹkún lẹ sì ń sun. Ẹ dárúkọ àbúrò náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ni òun rí lójú yín. Ẹ má bínú kí ẹ tó gbọ́ ìdáhùn. Ó ṣeé ṣe kó sọ pé ojú ẹni tó rẹ̀, tí ebi ń pa, lòun rí, ìdí tí òun fi béèrè ẹ̀wà nìyẹn.